Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi lórí gíráàfù nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o, mo lérò pé ara le. Mo ti yẹ àwòrán dashboard rẹ wò fínnífínní, ojú ìwé Grafana tí o to àwọn gíráàfù nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ sí. Iṣẹ́ ńlá lo ṣe, àmọ́ ìlà òòró gíráàfù, èyí tó ń fi ìwọ̀n hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ń kọ 125000000 láìsọ pé ti kí ni. Ẹni tí wọ́n jí lóru torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà kò gbọdọ̀ máa ka òdo kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Byte, ìyẹn bit mẹ́jọ, ni ráútà ń kà. Iye tí ifHCInOctets, òǹkà ohun tó ń wọlé, ń gbé wá láti inú SNMP (ọ̀nà tí a ń gbà béèrè iye lọ́wọ́ ráútà), byte ni. Bit sì ni gbogbo wa fi ń sọ bí ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe gbà tó. Fi 8 sọ ọ́ di púpọ̀: rate(ifHCInOctets[5m]) * 8 (rate ló ń sọ òǹkà di iye ìṣẹ́jú àáyá kan). Kí o wá lọ sí Unit nínú Grafana, kí o mú bits/sec(SI), èyí tó ń fi 1000 pín. 125000000 yẹn á di 1 Gb/s. Yẹra fún èyí tí wọ́n kọ IEC sí: 1024 ni ìyẹn fi ń pín, nítorí náà ìlà 1 Gb/s tó kún bámúbámú á máa hàn bíi 954 Mib/s, wàá sì máa wá ibi tí ìyókù wọlé sí.

Ibi tí ìlà òòró ti bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù. Bí o bá fi Min, ìyẹn ìsàlẹ̀ ìlà òòró, sílẹ̀ lófìfo, Grafana á sún mọ́ ibi tí dátà wà. Ìyípadà láti 410 sí 415 Mb/s á wá rí bí òkè àti àfonífojì. Kọ 0 sí Min. Kọ agbára ìlà náà, 1000000000, sí Soft max, òkè tó lè sún sókè bí dátà bá kọjá rẹ̀, kì í ṣe Max: Max á gé ohunkóhun tó bá kọjá ibẹ̀ kúrò lójú, bẹ́ẹ̀ irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí o rí. Àmọ́ bí o bá fi Negative Y yí ohun tó ń jáde sí ìsàlẹ̀ òdo, Min 0 á gbé e mì. Nígbà náà, yọ Min kúrò, kí o kọ -1000000000 sí Soft min. Ìlà 10 Gb/s tí 40 Mb/s péré ń gbà kọjá kò bá èyí mu. Á kàn lẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Má kọ nǹkan kan sí Soft max níbẹ̀.

Má ṣe da ìdádúró, tó jẹ́ ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), pọ̀ mọ́ Mb/s lórí pánẹ́ẹ̀lì kan. Ojú kì í mọ ìlà tó ni ìwọ̀n ọ̀tún àti èyí tó ni ìwọ̀n òsì. Fún un ní pánẹ́ẹ̀lì tirẹ̀.

Àwọn gíráàfù àtijọ́ rẹ tí o fi RRDtool, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú dátà tó sì ń yà á, ṣe ńkọ́? Bí ráútà bá tún bẹ̀rẹ̀, COUNTER, irú dátà tó gbà pé òǹkà kì í padà sẹ́yìn, á rò pé nọ́mbà ti kún tó sì ti yí padà sí òdo ni, á sì ju iye kan sókè fíofío tí ìyókù á fi fẹ́lẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀. Lo irú DERIVE dípò rẹ̀, kí min rẹ̀ jẹ́ 0, kí ó lè ju iye òdì nù.

Ní ti ìlà ìbú, aago ibi tí oníkálukú wà ni Grafana ń lò bí o kò bá yí i. Aago mẹ́wàá tìrẹ kọ́ ni tèmi. Mú UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, kí àwọn ráútà náà máa fi UTC kọ log (àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀) wọn, kí a lè fi méjèèjì wéra.

Bí o bá ti tún un ṣe, fi JSON rẹ̀, fáìlì tó gbé ètò dashboard náà, ránṣẹ́ kí n bá ọ wò ó. Bá mi kí ará ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.