Ṣadé, tètè pe Bọ̀dá Kúnlé

Ìjẹ̀bú Òde

Ṣadé mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni òtútù ibẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ màmá mi ti ń san, wọ́n ní kí n kí ọ. Ṣọlá bí obìnrin. Aṣọ ẹgbẹ́ wa fún Ojúdé Ọba ti jáde, mo ti gba tìẹ sílẹ̀.

Àwọn awọnlẹ̀ ti ri òpó sìmẹ́ǹtì sínú oko pákí yín lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Bọ̀dá Kúnlé ní ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kọ́ ẹ̀sítéètì síbẹ̀.

Láti ìgbà tí o ti ní Levittown, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, lẹ ra ilé sí ni mo ti ń ka ìtàn ọkùnrin tó tẹ̀ ẹ́ dó. William Levitt mọṣẹ́, n ò ní purọ́. Orí ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin pòtétò ní Long Island, ní New York, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Ó pín ilé kíkọ́ sí ìpele tó lé ní 20: ẹni tó ń da ilẹ̀ kì í kan òrùlé, ẹni tó ń kun ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ló ń kùn kiri. Nígbà tí iṣẹ́ wọ̀ wọ́n lára, nǹkan bí ilé 30 ni wọ́n ń parí lóòjọ́. Sójà tó ti ogun dé, tí kò rílé gbé, di onílé. Ìyẹn wú mi lórí gan-an. Ní 1952 ló wá bẹ̀rẹ̀ Levittown kejì, ní Pennsylvania tiyín.

Ṣùgbọ́n kò ta ilé fún èèyàn dúdú. Ìwé tó fi ń háyà ilé ní New York sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀, àfi ọmọ ọ̀dọ̀. Ní 1948, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní kóòtù kankan kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni fi irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ múlẹ̀. Kò yí i lọ́kàn padà. Lóṣù kẹjọ 1957, Bill àti Daisy Myers ra ilé lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gbé inú rẹ̀, ní Levittown tiyín gan-an. Èrò rọ́ yí ilé wọn ká, wọ́n sọ òkúta fọ́ fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ Bill náà ti ṣe sójà o! Mo sunkún, Ṣadé, torí ìwọ ni mo rí níbẹ̀.

Òun ló jẹ́ kí n fara balẹ̀ ka àgírímẹ́ǹtì tí Bọ̀dá fi hàn mí. Wọn yóò mọ odi yí ilẹ̀ náà ká, wọn yóò fi géètì sí i, àwọn nìkan ni yóò sì máa pinnu ẹni tó lè wọlé. Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ sàréè ìyá àgbà. Kò sí ọ̀nà odò. Mo bi Bọ̀dá, wọ́n ní àwọn èèyàn náà ti ṣèlérí. Ìlérí ẹnu! Ta ni yóò ṣí géètì fún ọmọ ẹ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n sin ìyá àgbà sí?

N ò ní kí wọ́n má tà á. Mo mọ̀ pé owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Jọ̀ọ́, pè wọ́n kó tó di Sátidé tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí i. Kí lọ́yà kọ́kọ́ kà á, kí wọ́n yọ sàréè àti ọ̀nà odò sọ́tọ̀, kí ó sì wà nínú ìwé. Ará ìta ni mo jẹ́ lójú wọn. Ìwọ ni àbúrò, tìẹ ni wọn yóò gbọ́. Bí wọn ò bá gbé fóònù, pe ìyàwó wọn.

Bá mi kí ọkọ ẹ.

Èmi ni,
Níkẹ̀ẹ́ ẹ