Ẹ Wo Kòtò Náà Kí Wọ́n Tó Bò Ó

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Púlọ́ńbà ni mí. Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí mo kọ́, ṣùgbọ́n ojú mi kò tíì fi í sílẹ̀. Ní òpópónà tí mò ń gbé, lápá Ìtamága ní Ìkòròdú níbí, agbaṣẹ́ṣe kan ń ṣe gọ́tà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, inú gbogbo wa sì ń dùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sílé, mo gbọ́ ìró òòlù. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo jáde. Bíríkìlà kan àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló wà nínú gọ́tà. Wọ́n ti lu ògiri rẹ̀, tí kọnkéré rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa, wọ́n sì ń ti páìpù oníínṣì mẹ́rin bọ inú ihò tí wọ́n lu. Mo bi wọ́n pé omi wo ni páìpù náà yóò máa gbé. Bíríkìlà náà ní, "Bàbá, omi ìwẹ̀ lásán ni." Ṣùgbọ́n páìpù náà kò ti apá balùwẹ̀ wá; ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sókàwéè, ló ti wá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n ti da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ mọ́ pé ohunkóhun wà níbẹ̀.

Kò sí ẹni tó ti pẹ́ ní Èkó tí kò mọ ohun tí irú páìpù bẹ́ẹ̀ wà fún. Bí òjò ńlá bá ti ń rọ̀, tí omi gọ́tà ń hó, onílé á ṣí ìdí rẹ̀, ẹ̀gbin inú sókàwéè á bá omi òjò lọ, owó tí ì bá fi pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ á sì kù sí i lápò. Ibi tí omi náà gbà kọjá ni àwọn ọmọ ń gbà lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí àrùn onígbáméjì jà ní ìpínlẹ̀ Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ìkòròdú wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n dárúkọ, bẹ́ẹ̀ kànga ṣì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń fà. Àwọn onímọ̀ ìlera máa ń sọ pé kí kànga jìnnà sí sókàwéè tó 30 mítà. Ẹ wo háàfù plọ́ọ̀tì tí a ń tà fún ara wa, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 60: ẹ wọ̀n ọ́n láti igun kan dé igun kejì tó kọjú sí i, kò pé 30 mítà. Ẹni tó ní kànga àti sókàwéè nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti rú ìmọ̀ràn náà kó tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, ká má tíì sọ ti sókàwéè aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri.

Nítorí náà, mi ò ní kí oníkálukú máa rì ẹ̀gbin tirẹ̀ sínú ọgbà ara rẹ̀ títí láé. Ilẹ̀ tó ń mu omi ilé márùn-ún tẹ́lẹ̀ kò lè mu ti ilé àádọ́ta, pàápàá lápá ibi tó sún mọ́ ọ̀sà, bí Ìpakodò àti Báyékù, níbi tí a kì í gbẹ́lẹ̀ jìnnà kí a tó kan omi. Sókàwéè tí omi ilẹ̀ ti kún inú rẹ̀ kò níbi tí yóò da tirẹ̀ sí. Dandan ni kí páìpù omi ẹ̀gbin ti gbogbogbòò dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ kan. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí òfin bí a ó ṣe máa so ilé mọ́ ọn ti wà nílẹ̀ kó tó dé, kí a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin náà kọ́ra lára gọ́tà tí a ń ṣe lónìí.

Gọ́tà kì í ṣe páìpù omi ẹ̀gbin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu wa ti da méjèèjì pọ̀. Omi òjò ni wọ́n ṣe gọ́tà fún, inú odò tàbí ọ̀sà ló sì ń já sí láìsí ẹni tó fọ omi inú rẹ̀ mọ́. Páìpù omi ẹ̀gbin wà lábẹ́ ilẹ̀, ó dé lójú, ó sì ń gbé omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ti ilé ìdáná àti ti balùwẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yọ ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹni tó so ìgbẹ́ mọ́ gọ́tà ti ba odò jẹ́. Ẹni tó so omi òjò mọ́ páìpù omi ẹ̀gbin, ìgbẹ́ ni yóò padà wá bá a nínú ilé, òun tàbí aládùúgbò rẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀. Òrùlé tó jẹ́ mítà 10 sí 10, bí òjò tó ga ní 50 mìlímítà bá rọ̀ lé e lórí, omi 5,000 lítà ló gbà yẹn, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 igba gbáko, láti orí ilé kan ṣoṣo, láàárín wákàtí mélòó kan. Páìpù oníínṣì mẹ́fà tí wọ́n rì fún omi ìgbọ̀nsẹ̀ òpópónà kan, wọn kò rì í láti gba ti ogún òrùlé bẹ́ẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ nìyẹn: omi òjò lọ́tọ̀, omi ẹ̀gbin lọ́tọ̀.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi máa ń gba iṣẹ́ ní FESTAC Town, tí wọ́n kọ́ fún àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ọdún 1977, tí wọ́n sì rì páìpù omi ẹ̀gbin sí abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí òpópónà tí ilé kọ̀ọ̀kan kò ti ní sókàwéè lẹ́yìn. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí ohun tí ìsopọ̀ burúkú lè dá sílẹ̀. Omi ń yọ láti inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé mẹ́ta. A ṣí máńhóòlù ti òkè, ó kún dé ọrùn. A ṣí ti ìsàlẹ̀, ó gbẹ. Nígbà tí a gbẹ́ àárín méjèèjì, a rí i pé ẹnì kan ti fi òòlù lu páìpù ńlá náà, ó ti páìpù tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti ọ̀rá dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì da sìmẹ́ńtì lé e lórí. Ẹnu páìpù tirẹ̀ yọ sínú ti gbogbogbòò tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Àkísà àti irun ti fi ẹnu náà ṣe ìkọ́, pẹ̀lú ègé àǹkárá kan tí àwọ̀ rẹ̀ kò tíì ṣá, ìgbẹ́ odindi òpópónà sì ti tò lé wọn lórí. Ọ̀gá mi kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí n fọwọ́ kan ibi tí ẹnu páìpù náà yọ dé, kí n lè mọ̀ ọ́n títí ayé, mo sì mọ̀ ọ́n. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí a lo ìsopọ̀ ẹlẹ́ka, tó rí bí igi tó ya ẹ̀ka kan, kí ẹ̀ka náà wọlé láti ìdajì òkè páìpù ńlá, kó sì kọjú sí ibi tí omi ń lọ, kí omi méjèèjì lè jọ máa rìn.

Kí wọ́n kọ ìyẹn sínú òfin, kí wọ́n kọ ìdagẹ̀rẹ̀ páìpù náà sí i. Páìpù oníínṣì mẹ́rin tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40 yẹ kó fi ẹsẹ̀ bàtà kan rẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin; bó bá tẹ́jú jù, omi á lọ, ìgbẹ́ á jókòó. Ojú lásán kò lè wọ̀n ọ́n, bó ti wù kí bíríkìlà gbọ́n tó, bẹ́ẹ̀ ròbà hóòsì tí a bu omi sí, tí a fi ń wọn ìdagẹ̀rẹ̀, kò wọ́n rárá. Ilé oúnjẹ àti ilé olóbùkà gbọ́dọ̀ ní kòtò tí òróró máa léfòó sí kí omi wọn tó jáde. Ẹni tó bá sì kúrò lórí sókàwéè lọ sórí páìpù gbogbogbòò gbọ́dọ̀ fa inú sókàwéè náà gbẹ, kó fi yanrìn kún un dẹ́nu, nítorí dẹ́kìn rẹ̀ kì í kéde ọjọ́ tí yóò já, ọmọdé ló sì sábà máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀.

Ọ̀kan wà tó kan àwa ará Ìkòròdú gan-an, tí mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Ọ̀pọ̀ ilé wa ti wà kí ọ̀nà tó wà. Nígbà tí wọ́n bá wá ṣe ọ̀nà, wọ́n á da yẹ̀ẹ̀pẹ̀ lé yẹ̀ẹ̀pẹ̀, títì á ga ju fèrèsé àwọn kan lọ, onílé á wá máa sọ̀ kalẹ̀ wọ ilé tirẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sódò. Bí páìpù omi ẹ̀gbin bá dí níwájú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbin kò ní dúró de kó yọ ní máńhóòlù tó wà lórí títì. Ilẹ̀ balùwẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ni yóò ti yọ. Nítorí náà, ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju ọmọrí máńhóòlù iwájú rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní fáàfù tó ń jẹ́ kí omi jáde ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kó padà wọlé, níbi tí ọwọ́ ti lè tó o láti fọ̀ ọ́. Àwọn ayálégbé yàrá ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jìyà bí kò bá sí, onílé sì lè má gbé níbẹ̀.

Gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí kò wúlò bí kò bá sí ẹni tó wò ó nígbà tí kòtò ṣì lanu. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ìwé àṣẹ tí a fi òǹtẹ̀ lù lórí tábìlì kò lè mọ bóyá páìpù dagẹ̀rẹ̀ tàbí ó dojú kọ òkè. Ẹ jẹ́ kí òfin sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da iyẹ̀pẹ̀ bo ìsopọ̀ títí wolé-wolé yóò fi rí i, kí ó dí ìsàlẹ̀ páìpù, kí ó rọ omi kún un, kí ó sàmì sí ibi tí omi dé, kí ó sì dúró wò ó bóyá yóò fà. Kí òfin náà tún sọ pé bí wolé-wolé kò bá dé láàárín ọjọ́ méjì tí wọ́n ti fi tó káńsù létí, onílé lè ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n nínú kòtò, kó fi ránṣẹ́, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú sí mi nítorí gbólóhùn yìí, ṣùgbọ́n kòtò tó lanu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà òjò ni í sọ olóòótọ́ di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóru.

Owó náà ńkọ́? Àwọn onílé ní ìpàdé àdúgbò wa sọ pé ọ̀nà àtigba owó lásán ni gbogbo ìwé àṣẹ, mi ò sì lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa pátápátá. Bí owó àṣẹ bá ju owó tí bíríkìlà ń gbà fún iṣẹ́ òru lọ, òru ni wọn yóò máa ṣe é. Kí wọ́n jẹ́ kó kéré, kí wọ́n lẹ ẹ mọ́ ògiri káńsù ní èdè Yorùbá, kí owó ìtanràn fún iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ sì wúwo. Kí ṣéńbà kan, ìyẹn kòtò kékeré ọlọ́mọrí tí a ti ń wo inú páìpù, wà ní ẹsẹ̀ ọgbà ilé kọ̀ọ̀kan: láti ibẹ̀ wọlé, ti onílé, láti ibẹ̀ dé òpópónà, ti ìjọba. Èyí nìkan yóò pa ìdajì ìjà tí mo ti bá wọn parí láyé mi.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti káńsù, kó lọ ka àfikún kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, níbi tí wọ́n ti to ṣíṣe gọ́tà àti kíkó omi ẹ̀gbin mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní òfin ààbò àyíká ti 2017. Ṣùgbọ́n káńsù mẹ́fà ló pín Ìkòròdú láàárín ara wọn, ìjọba ìbílẹ̀ kan àti àwọn káńsù ìdàgbàsókè márùn-ún, omi kò sì mọ ibi tí ààlà wọn wà. Kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, kí ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní Ìgbógbó má baà jẹ́ àṣà ní Ìmọ́tà.

Ní òpópónà tiwa, agbaṣẹ́ṣe náà kò tíì dé ìdajì. Gọ́tà iwájú ilé méje ṣì lanu, mo sì ti rí páìpù tuntun mẹ́ta tí wọ́n tò sí ẹ̀yìn géètì. Wọ́n ní ọjọ́ Sátidé ni wọn yóò gbé ọmọrí kọnkéré lé e. Bí wolé-wolé kan bá lè wá ní ọjọ́ Ẹtì, èmi yóò gbé àga jókòó síwájú ilé mi, n ó sì fi ibi tí wọ́n rẹ́ lóru ọjọ́ náà hàn án.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Púlọ́ńbà àgbà kan, Ìkòròdú.