Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ mu bíà ní Bẹ́ljíọ̀m

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o. Mo gbọ́ pé ẹ ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin Eurostar láti London, pé ọjọ́ mẹ́rin lẹ máa lò, àti pé ẹ fẹ́ mọ ohun tó wà nínú bíà Bẹ́ljíọ̀m tí gbogbo ènìyàn ń yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí àfojúdi pé àbúrò ń kọ́ ẹ̀gbọ́n bí wọ́n ṣe ń mu ọtí. Tí ẹ bá mu ún bí ẹ ṣe ń mu Star, ẹ máa náwó, ẹ máa yó, ẹ ò sì ní tọ́ ọ wò rárá. Èmi fẹ́ kí ẹ tọ́ ọ wò.

Òtútù ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Bíà tí ìgò rẹ̀ kò bá máa làágùn, ẹ̀yin ò ní gbà á lọ́wọ́ olótìí. Ẹ ò jẹ̀bi. Oòrùn ilé wa ni Star àti Gulder ń bá wí, òtútù ló sì ń gbé wọn níyì. Ṣùgbọ́n òtútù máa ń jẹ́ kí ahọ́n kú, kì í sì í jẹ́ kí òórùn ọtí gòkè wá bá imú. Òórùn yìí gan-an ni ọrọ̀ bíà Bẹ́ljíọ̀m. Ẹ máa gbóòórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ẹ máa gbóòórùn kànáfùrù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kànáfùrù sínú rẹ̀. Ìwúkàrà tó sọ omi ọkà di ọtí ló bí òórùn wọ̀nyẹn. Bíà funfun bíi Hoegaarden lè tutù dáadáa, díígírì 4 sí 6. Tripel, irú bíà aláwọ̀ wúrà tó le, fẹ́ nǹkan bíi 8 sí 12. Orval àti Rochefort, bíà àwọn mọ́ńkì, fẹ́ 12 sí 14, ìyẹn ni pé kó kàn tutù lọ́wọ́ lásán. Tí wọ́n bá gbé e wá látinú fíríìjì tó ń dì, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ẹ tó mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mu díẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ tún mu díẹ̀ nígbà tó bá ti gbóná díẹ̀. Ẹ máa rò pé wọ́n pààrọ̀ ọtí fún yín.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ má fojú kékeré wo ìgò kékeré. Ìgò Star ńlá jẹ́ 60cl, agbára rẹ̀ sì wà ní nǹkan bíi 5%. Ọtí tó ń pani nínú gbogbo rẹ̀ kò ju bíi 3cl lọ. Westmalle Tripel jẹ́ 33cl péré, àmọ́ 9.5% ni. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ máa rí i pé ó ju 3cl lọ díẹ̀. Odindi ìgò Star ńlá ló wà nínú ìgò kékeré yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní jó yín lọ́fun tí ẹ fi máa fura. Guinness Nàìjíríà tí à ń bẹ̀rù, 7.5% ni. Rochefort 10 jẹ́ 11.3%. Mẹ́ta lójúmọ́ ti tó ẹni tó fẹ́ tọ́ nǹkan wò, kí omi sì wà láàárín wọn. Ẹ máa ra omi yẹn ni o, torí ilé ọtí púpọ̀ níbẹ̀ kì í fún ènìyàn lómi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má sì yá mọ́tò rárá. Gíráàmù 0.5 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan ni òfin wọn gba awakọ̀ láyè, Tripel méjì lè gbé yín kọjá ibẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì ń lọ sí gbogbo ìlú tí ẹ máa fẹ́ dé.

Ẹ máa rí i pé bíà kọ̀ọ̀kan ló ní gíláàsì tirẹ̀. Wọn ò ṣe é fún ẹwà nìkan. Gíláàsì Duvel ṣe ikùn nísàlẹ̀, ó fún lọ́rùn, kí òórùn lè kó jọ sókè. Ó sì tóbi débi tí gbogbo 33cl fi máa wọ̀ ọ́ tòun ti ìfóòfó. Ti Orval àti Chimay ṣí lẹ́nu bí ife ìsìn Kátólíìkì. Ti Kwak ní ìdí roboto, kò lè dá dúró, igi ni wọ́n fi ń gbé e ró. Lọ́dún 2016, UNESCO kọ àṣà bíà Bẹ́ljíọ̀m sínú ìwé àjogúnbá kan náà tí Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa wà. Tí ẹ bá wo bí olótìí wọn ṣe ń da ọtí, ẹ máa mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa, torí ẹ̀yin náà máa dà á. Ó máa fi omi tútù tó mọ́ ṣan gíláàsì, kò ní nù ún. Omi tín-ín-rín tó kù lára rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ìfóòfó ya bo ilẹ̀. Ó máa dá gíláàsì dùbúlẹ̀ díẹ̀, kó rọra da ọtí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láì dáwọ́ dúró. Tó bá dé ìdajì, ó máa gbé gíláàsì dúró, kó wá dà á sí àárín kí ìfóòfó tó ìka méjì lè jókòó sórí. Ìfóòfó yẹn ni ọmọrí ọtí, òun ni kì í jẹ́ kí òórùn tètè sá lọ. Ẹ má ní kí wọ́n bá yín gé e kúrò. Nígbà tí ọtí bá ku bíi sẹ̀ǹtímítà kan nínú ìgò, ó máa dúró. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yẹn, ìwúkàrà tó parí iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìgò. Kò ní pa yín lára, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ ọtí di rúdurùdu, ó máa ń mú un dùn bíi búrẹ́dì tí kò jinná, ó sì lè tú ikùn ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n mọ́. Nínú bíà funfun nìkan ni wọ́n ti máa ń rọra mi ìgò kí wọ́n lè da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mọ́ ọn. Tí olótìí bá gbé ìgò sílẹ̀ fún yín pẹ̀lú ìyókù nínú rẹ̀, kò ṣèèṣì. Ọwọ́ yín ló fi í sí.

Tí ẹ bá rí ìfóòfó wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì nísàlẹ̀ ojú ọtí, ọ̀rá tàbí ọṣẹ ló wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ìwà ìgbéraga. Ẹ sì nu ẹnu yín kí ẹ tó mu tí ẹ bá ń jẹ ọ̀dùnkún díndín, torí ọ̀rá ètè ń pa ìfóòfó.

Ẹ di ẹsẹ̀ gíláàsì mú, ẹ má di ikùn rẹ̀. Ẹ yí i díẹ̀, ẹ fa òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kúkúrú kúkúrú. Ẹ mu díẹ̀, kó kárí ahọ́n, ẹ gbé e mì, kí ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ sì mí síta gba imú. Ibi èémí yẹn ni adùn ti máa ń fara hàn. Ẹ má dá ẹjọ́ lórí ẹnu kìíní, nítorí ìyàlẹ́nu ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹnu kẹta ló máa ń sọ òótọ́. Ẹ má sì wá ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń lò kiri. Ahọ́n yín ti ní ìwé atúmọ̀ tirẹ̀. Ìkorò kan máa ń lọ kíá bíi ti ewúro tí a fọ̀ dáadáa, òmíràn máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun bíi ti orógbó. Tí ẹ bá lè sọ èyí tó jẹ́, ẹ ti ń tọ́ bíà wò.

Ẹ máa lọ látorí fífẹ́lẹ́ sí líle, àmọ́ ẹ má mu gbogbo wọn lọ́jọ́ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bíà funfun, tó jẹ́ àlìkámà, èèpo ọsàn àti hóró kọríáńdà. Kò fẹ́ ẹ̀kọ́ púpọ̀. Ẹ bọ́ sí Saison Dupont, 6.5%, tó gbẹ lẹ́nu, tó sì ń ta díẹ̀ bí ata. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Westmalle Tripel. Ṣúgà ni wọ́n fi kún ọkà rẹ̀, àmọ́ ìwúkàrà jẹ gbogbo ṣúgà yẹn tán, ìdí nìyẹn tó fi le láì wúwo. Rochefort 10 ni kẹ́ ẹ fi parí, nígbà tí ẹ ò tún lọ ibì kankan mọ́. Dúdú ni, ó ní adùn èso gbígbẹ àti ṣúgà tí a yan. Tí ẹ bá mu ún ṣáájú, gbogbo èyí tó bá tẹ̀ lé e máa dà bí omi.

Ẹ máa gbọ́ Trappist káàkiri, àmì tí wọ́n ń fi sára bíà àwọn mọ́ńkì Kátólíìkì kan. Márùn-ún péré ló ní ẹ̀tọ́ sí àmì yẹn ní Bẹ́ljíọ̀m báyìí: Westmalle, Westvleteren, Chimay, Orval àti Rochefort. Inú ọgbà àwọn mọ́ńkì ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ pọn ọn. Èyí tí wọ́n bá kọ orúkọ ilé mọ́ńkì sí lára láì ní àmì náà, bíi Leffe, iléeṣẹ́ ọtí ló sábà máa ń ṣe é. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan kan náà. Ẹ má sì dààmú ara yín nítorí Westvleteren 12, bíà àwọn mọ́ńkì Westvleteren tó ṣòro láti rí. Iléeṣẹ́ St. Bernardus ní Watou ló ń bá àwọn mọ́ńkì yẹn ṣe bíà fún títà láti 1946 títí di 1992, bíà Abt 12 tiwọn sì wà káàkiri. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ wọn kò tó ìrìn àjò ọjọ́ kan.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lọ lọ́kàn mi. Ẹ̀yin mọ ẹmu. Ẹ mọ̀ pé adẹ́mu kì í fi nǹkan kan sí i. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ládùn ní àárọ̀, ọ̀sán ó ti ń hó, ọjọ́ kejì ó ti ń kan. Ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́, lára igi àti nínú akèrègbè ló ṣe é. Bíà kan wà ní Brussels àti ní àwọn abúlé ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe báyẹn. Lambic ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n máa se omi ọkà báálì àti àlìkámà, wọ́n á dà á sínú àwo bàbà ńlá kan tó fẹ̀ tí kò jìn, lábẹ́ òrùlé, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ òru. Ìwúkàrà ìgbẹ́ máa bà lé e. Ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n ń ṣe é, torí kòkòrò tó ń ba ọtí jẹ́ ti pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ ìgbà ooru. Òdòdó hops tí wọ́n ń fi sí i ti gbó fún ọdún bíi mélòó kan kí ìkorò rẹ̀ lè kú, kó ku èyí tó ń dá ọtí sí. Lẹ́yìn náà, àgbá onígi. Ẹmu kì í lo ọ̀sẹ̀ kan. Èyí máa lo ọdún.

Lambic lásán kì í hó. Tí wọ́n bá da ọlọ́dún kan, ọlọ́dún méjì àti ọlọ́dún mẹ́ta pọ̀ sínú ìgò, ṣúgà tó kù nínú èyí tó kéré máa tún ru sókè, òun ni wọ́n ń pè ní gueuze. Ẹ máa rò pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹ rántí bí àgbálùmọ̀ ṣe ń pa ẹnu pọ̀ kí adùn rẹ̀ tó jáde. Ọ̀nà tí gueuze ń gbà nìyẹn. Ẹnu kìíní máa gbá yín, ẹnu kejì máa tù yín lára, ní ẹnu kẹta ẹ máa gbóòórùn èèpo òroǹbó àti igi ògbólógbòó. Ẹ rí i pé wọ́n kọ «Oude» sára ìgò náà. Òfin ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ yẹn. Èyí tí kò ní in, wọ́n lè ti fi ṣúgà bò ó mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kriek, tí wọ́n fi èso ṣẹ́rì sí: ojúlówó rẹ̀ pupa, ó sì kan. Kì í ṣe ọtí dídùn ọmọdé.

Ibùdókọ̀ Bruxelles-Midi tí Eurostar máa já yín sí, ìrìn ẹsẹ̀ bíi ìṣẹ́jú 10 ló ti ibẹ̀ dé Cantillon, iléeṣẹ́ tó ń pọn lambic, ní Anderlecht. Láti 1900 ni ilé yẹn ti wà, ó sì ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1978 láì dẹ́kun ọtí pípọn. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí kí ẹ tó lọ. Ẹ gun òkè lọ rí àwo bàbà yẹn, ẹ dúró láàárín àwọn àgbá, ẹ fa òórùn ibẹ̀ símú kí ẹ tó mu. Kò sí ibòmíràn tí mo fẹ́ kí ẹ dé tó ibẹ̀.

Tí bíà bá rùn bí ara ẹranko ìgbẹ́ tó ń bínú, ìmọ́lẹ̀ ló pa á. Oòrùn máa ń ba èròjà hops jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí gíláàsì bá wà níta, nítorí náà abẹ́ ìbòòji ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Tó bá dùn bíi páálí tó rin, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́ tàbí ó ti pẹ́ jù níbi tó gbóná. Àwọn méjèèjì yìí ni kẹ́ ẹ dá padà. Kíkan gueuze kì í ṣe àléébù.

Fún oúnjẹ, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní wàràkàṣì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ pẹ̀lú mọ́sítádì, ó bá Orval àti dubbel, bíà dúdú tí kò le tó Tripel, lọ. Ẹran màlúù tí wọ́n fi bíà dúdú sè náà dára púpọ̀.

Orval gan-an ni kẹ́ ẹ gbé bọ̀ wálé. Ìwúkàrà ìgbẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń ṣiṣẹ́ lọ nínú ìgò. Tó bá ṣì tuntun, òórùn òdòdó àti ìkorò ọsàn ló ní. Tó bá pé ọdún kan, ó gbẹ, ó sì ń rùn bí awọ àti bí ibùjẹ ẹṣin, rírùn tó dára ni o. Ẹ wo déètì tó wà lára ìgò, ẹ ra méjì tí déètì wọn bára mu. Ẹ fi aṣọ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nílé, ẹ gbé wọn dúró sí ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn, ẹ má dá wọn dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ti sílẹ̀, ẹ ṣí ọ̀kan. Ẹ kọ ohun tí ahọ́n yín bá sọ sínú ìwé, ẹ fi ìwé náà sábẹ́ ìgò kejì. Ẹ má fọwọ́ kàn án títí ọdún máa fi yípo.

Àbúrò yín ni.