Èèyàn ń gbé ní àríwá Kánádà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka ìròyìn yín lórí àwọn ọkọ̀ ogun tuntun tí ìjọba Kánádà kàn fún òkun yìnyín apá àríwá, inú mi sì dùn pé ìwé ìròyìn Yorùbá ya ojú sí i. Halifax ni mò ń gbé, ìlú tí wọ́n ti kan àwọn ọkọ̀ náà gan-an. Láti orí afárá tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ ni mo ti ń wò wọ́n, látìgbà tí wọ́n ti wà ní irin lásán. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú ìròyìn yín tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní ilẹ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ máa ṣọ́. Ẹ jọ̀ọ́, èèyàn wà níbẹ̀. Àwọn Inuit, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ti ń gbé ibẹ̀ kí orúkọ tó ń jẹ́ Kánádà tó dáyé.

N kò bá iṣẹ́ ọkọ̀ náà jà. Ọwọ́ àwọn tó ṣe é kò ní rọ. Mẹ́fà ni ti ológun ojú omi, owó wọn sì ju bílíọ̀nù 4 dọ́là lọ. Nígbà tí àkọ́kọ́ wọn, Harry DeWolf, gba Northwest Passage, ọ̀nà omi tó la àárín àwọn erékùṣù àríwá Kánádà kọjá, ní 2021, ó ti di ọdún 67 tí ọkọ̀ ológun ojú omi Kánádà ti gba ọ̀nà náà já gbẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ William Hall. Ẹrú ni àwọn òbí Hall, wọ́n sá mọ́ àwọn ọ̀gá wọn lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà nígbà ogun 1812. Nova Scotia níbí ni wọ́n bí i sí, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ akin tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún akin tó ṣe ní Lucknow, ní Íńdíà, lọ́dún 1857. Ọjọ́ tí mo fi ọkọ̀ náà han àwọn ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi.

Ọ̀rọ̀ epo ló sọ omi yẹn di ohun àríyànjiyàn. Ní 1969, iléeṣẹ́ Humble Oil ti Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ agbépo Manhattan gba Northwest Passage, láti wò ó bóyá wọ́n lè gba ibẹ̀ kó epo Alaska lọ sí ìlà-oòrùn. Amẹ́ríkà kò tọrọ àyè lọ́wọ́ Kánádà, nítorí lójú tiwọn, ọ̀nà gbogbo ayé ni. Síbẹ̀, ọkọ̀ Kánádà tó ń fọ́ yìnyín ló ń já Manhattan gbà nígbà tí yìnyín bá há a mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Kánádà ṣe òfin láti dáàbò bo omi náà. Kánádà àti Amẹ́ríkà kò tíì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ náà títí di òní.

Kí Manhattan tó dé, ìjọba ti kó àwọn ìdílé Inuit kúrò ní Inukjuak, ní Quebec, ní 1953 àti 1955. Wọ́n já wọn sílẹ̀ ní Resolute àti Grise Fiord, ní òkè àríwá pátápátá, ó tó 2,000 kìlómítà sí ilé wọn, níbi tí oòrùn kì í yọ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ́dún. Wọ́n ṣèlérí pé bí ibẹ̀ kò bá bá wọn lára mu, àwọn á dá wọn padà lẹ́yìn ọdún méjì. Wọn kò mú ìlérí náà ṣẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé òpó àsíá ni wọ́n fi àwọn ṣe, kí ayé lè rí i pé ilẹ̀ Kánádà ni. Ó di 2010 kí ìjọba tó tọrọ àforíjì. Resolute yìí kan náà ni Stephen Harper, olórí ìjọba nígbà náà, dúró sí ní 2007 tó kéde pé àwọn á ṣe ibùdó ológun ojú omi sí Nanisivik, ní erékùṣù Baffin. Harry DeWolf gba àdúgbò yẹn kọjá ní 2021, ibùdó náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, mo sì mọ ohun tí ojú ń rí nígbà tí àlejò bá wá epo wá sínú omi ẹni. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Clyde River fi wọ̀ mí lára. Ìlú Inuit kékeré ni, ní erékùṣù Baffin, èèyàn bí ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn iléeṣẹ́ láti Norway fẹ́ fi ọdún márùn-ún máa yin ìró líle bí ìró ìbọn sí ìsàlẹ̀ òkun láti mọ ibi tí epo wà. Inú omi yẹn sì ni àwọn ará ìlú ti ń pa narwhal àti seal, àwọn ẹran inú òkun tí wọ́n ń jẹ. Nígbà tí wọ́n béèrè pé kí ni ìró yìí yóò ṣe fún ẹran inú omi, àwọn iléeṣẹ́ náà gbé ìwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ojú ewé 4,000 sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ìlú tí íntánẹ́ẹ̀tì kì í yá. Díẹ̀ báyìí ló wà ní Inuktitut, èdè àwọn Inuit. Ẹ fojú inú wò ó kí wọ́n gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ìyá àgbà kan ní Ayétòrò, kí wọ́n ní àwọn ti bá a sọ̀rọ̀! A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ìjọba fọwọ́ sí iṣẹ́ náà ní 2014, àwọn ará ìlú gbé e lọ sí kóòtù, Jerry Natanine, méyọ̀ wọn nígbà náà, sì wà níwájú. Ní oṣù keje 2017, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé ìwé àṣẹ náà. Kò sí ọkọ̀ ogun kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kánádà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé àwọn èèyàn ibẹ̀ ló ń ṣọ́ omi náà. Àdéhùn tó bá àwọn Inuit Nunavut, agbègbè tí àwọn ìlú wọ̀nyí wà, ṣe ní 1993 kọ ọ́ kedere pé bí wọ́n ṣe ń lo omi yẹn, tí wọ́n sì ń gbé ibẹ̀, wà lára ohun tó gbé àṣẹ Kánádà lórí rẹ̀ ró. Síbẹ̀ gbogbo ìlú 25 tó wà ní Nunavut, ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń tan iná, ọkọ̀ sì ní láti gbé epo náà wá nígbà tí yìnyín bá yọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní èbúté gidi. Etíkun lásán ni wọ́n ti ń já ẹrù.

Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa àwọn ọkọ̀ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ dárúkọ Clyde River, Pond Inlet, Resolute àti Grise Fiord. Kánádà ní ọ́fíìsì ní Èkó. Ẹ rán akọ̀ròyìn lọ síbẹ̀, kó bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n máa kọ́ èbúté fún àwọn tó ń gbé etí omi náà.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìlàjẹ, Halifax, Nova Scotia