Ìyá Tí Kò Fi Ẹyin Ẹ̀ Sílẹ̀ Lọ: Lẹ́tà Sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ èèrà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Ohun tó fà á ni pé mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ yín pé kálukú ló dá wáyé, kálukú ni kó máa bá tiẹ̀ lọ, àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá fẹ́ wàásù ìṣọ̀kan fún yín wọ́n á ní ẹ wo èèrà, ẹ wo bí ọba wọn ṣe ń pàṣẹ tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé e. Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí fún ọdún 31, èmi náà fi bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ láwọn ọdún àkọ́kọ́, ó sì ń dùn mí títí dòní torí kì í ṣe òótọ́. Ìyá inú ilé èèrà tí wọ́n ń pè ní ọba yẹn ò pàṣẹ fẹ́nì kankan. Ẹyin ló ń yé.

Kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí èèrà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ wo ara ògiri, lábẹ́ páànù níbi tí òjò ò lè dé. Ẹ ó rí ilé amọ̀ kékeré tí agbọ́n kan mọ síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi ọ̀bẹ là á, aláǹtakùn lẹ máa bá, wọ́n tò jọ sínú ẹ̀ bíi sadín inú agolo. Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n rọ̀, wọn ò jẹrà, torí agbọ́n yẹn ò pa wọ́n, ó ta wọ́n lóró tí wọn ò fi lè rìn mọ́ ni. Ẹyin kan ṣoṣo ló yé síbẹ̀, ó fi amọ̀ dí ẹnu ilé, ó fò lọ. Ẹyin yẹn á pa, ọmọ á jẹ aláǹtakùn tán, á jáde, kò ní mọ ìyá ẹ̀ láyé.

Irú ẹ̀dá tó ń dá gbé báyìí ni babańlá èèrà. Ara ẹ̀yà agbọ́n ni èèrà ti yà, ó sì ti lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún. Ní 1967 wọ́n ṣàlàyé èèrà kan tí wọ́n bá nínú oje igi tó ti gan di òkúta ní New Jersey, Amẹ́ríkà, wọ́n pè é ní Sphecomyrma, ara ẹ̀ ti di ti èèrà, ẹnu ẹ̀ ṣì kúrú bíi ti agbọ́n.

Kí ló wá yí padà? Ìyá ò fò lọ mọ́. A ṣì ń rí agbọ́n àti oyin tó wà lórí oríṣiríṣi ìpele yìí títí dòní, ìyẹn la fi ń mọ ọ̀nà tó ṣeé ṣe kó gbà. Ìyá dúró ti ẹyin, ó ń ṣọ́ ọ, nígbà tó yá ó ń gbé oúnjẹ wá fọ́mọ díẹ̀díẹ̀ dípò kó kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀mí ẹ̀ gùn débi pé àwọn ọmọbìnrin ẹ̀ dàgbà bá a nílé, àwọn kan nínú wọn ò wá lọ mọ́, wọ́n ń bá a bọ́ àwọn àbúrò wọn. Ìran lórí ìran ni, kì í ṣe ọjọ́ kan. Nígbà tó pẹ́ gan-an, àwọn tó dúró sílé ò ní ìyẹ́ mọ́, ọ̀pọ̀ wọn ò sì bímọ mọ́.

Ibí yìí ló dá Charles Darwin láàmú, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàlàyé bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ní 1859 ó kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í bímọ yìí kọ́kọ́ dà bí ohun tó máa da gbogbo àlàyé òun rú, torí báwo lẹni tí kò bímọ ṣe máa fi ìwà ẹ̀ sílẹ̀ fún ìran tó ń bọ̀? Òun fúnra ẹ̀ ló rí i pé ìdílé ni kéèyàn wò. Ní 1964 onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì míì, W. D. Hamilton, wá fi ìṣirò gbè é lẹ́yìn: ohun tí mo jogún wà lára àbúrò mi náà, tí mo bá ran ìyá mi lọ́wọ́ tá a fi tọ́ wọn yè, ohun yẹn ò parun. Èèrà akọ ò ní bàbá, ẹyin tí àtọ̀ ò kàn ló ti ń jáde, torí náà ogún kan náà ló ń fún gbogbo ọmọbìnrin ẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn obìnrin tó jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá fi jọ ní ìdá 3 nínú 4 ogún wọn. Àwọn kan rò pé àṣírí ẹ̀ nìyẹn, àmọ́ ẹ wo ìkán, akọ ìkán ní bàbá, síbẹ̀ wọ́n ń gbé pọ̀ bí ìlú. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni iṣẹ́ tó jáde ní 2008, tó fi hàn pé níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, láàárín èèrà, agbọ́n àti oyin tó ń gbé pọ̀, ọkọ kan ṣoṣo ni ìyá ń ní. Gbogbo ilé jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, tá a bá ṣírò àbúrò rẹ lọ́kùnrin lóbìnrin pọ̀, wọ́n súnmọ́ ọ tó ọmọ tí wàá bí, èrè kékeré báyìí sì tó láti dá ọ dúró sílé.

Ẹ wo ibi tó wá dé. Ní igbó ọba Comoé ní Côte d'Ivoire, èèrà dúdú ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Megaponera analis, ó ń kógun ja ìkán, ìkán a sì máa gé wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn tára wọn le á gbé èyí tó fara pa relé, ìwádìí ẹ̀ jáde ní 2017. Tí wọ́n bá délé wọ́n á máa lá ojú ọgbẹ́ ẹ̀. Ní 2018 wọ́n sọ ọ́ pé èyí tẹ́nì kan ò lá ọgbẹ́ ẹ̀, bíi 80 nínú 100 ló ń kú láàárín wákàtí 24, èyí tí wọ́n bá tọ́jú, bíi 10 péré.

Àmọ́ mi ò ní tàn yín o. Òórùn ara ni wọ́n fi ń mọ ara wọn, èyí tó bá ti ilé míì wá, tí òórùn ẹ̀ yàtọ̀, ọ̀pọ̀ wọn á bù ú jẹ títí á fi kú. Ẹ̀yin lè ṣe àlejò lóore, ẹ má kọ́ tiwọn níbi yẹn.

Ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí n sùn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé èèrà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà ló ń dúró sínú ilé tọ́jú ọmọ, àwọn àgbà tí ọjọ́ wọn ti ń lọ ló ń jáde wá oúnjẹ, níta níbi tí alángbá àti adìyẹ wà. Mo ti pé 72. Láàárín tiwa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ là ń tì síwájú ewu, nínú aṣálẹ̀, lórí òkun, nígbà ìbò, àwa àgbà á sì jókòó sílé.

Èmi ni, bàbá yín.