Ẹ̀yin Lọ́yà, Ẹ Yé Lúgọ Dè Wá Lẹ́nu Géètì Kóòtù

Sí Olóòtú,

Ẹ bá mi bi àwọn lọ́yà wa: ṣé bí wọ́n ṣe ń wá oníbàárà nìyẹn? Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gun ọ̀kadà lọ sí kóòtù májísíréètì kan níbí n'Ìbàdàn. Mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú Micra táwọn ẹlẹ́wù dúdú fi yí mi ká bí agbèrò Ìwó Road. "Mọ́mì, béèlì ni àbí?" Ọ̀kan ti já báàgì gbà lọ́wọ́ mi. Ó gbowó, kò já rìsíìtì. Ìgbà tí wọ́n pe ẹjọ́ wa ló tó ń yọ́ bi mí pé kí lorúkọ ọmọ náà!

Òfin ìwà táwọn lọ́yà ń tẹ̀ lé gbà wọ́n láyè láti polówó iṣẹ́ wọn níwọ̀n tó bójú mu, ṣùgbọ́n ó ní wọn ò gbọdọ̀ fi agbèrò wá oníbàárà. Ta ló ń mú un ṣẹ? Àwọn ọ̀gá wọn ń gba géètì yẹn kọjá nínú mọ́tò, wọn ò rí nǹkan kan. Aṣọ ẹgbẹ́ àti ìpàdé ọdọọdún ni wọ́n mọ̀.

Ohun tó ń fa oníbàárà ò ṣòro. Lọ́yà kan wá sípàdé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù wa nígbà kan. Yorùbá ló fi bá wa sọ̀rọ̀, kò sí "my lord" níbẹ̀. Ó ní kẹ́ni tó bá níwèé ilẹ̀ mú un wá. Bàbá kan yọ tiẹ̀ nínú ọ̀rá; lọ́yà fìka tọ́ ọ pé ọmọ onílẹ̀ kan péré ló buwọ́ lù ú, olórí ẹbí ò mọ̀ sí i, òfin ò sì ka irú rẹ̀ sí títà. Háà! Gbogbo wa lọ tú àpótí ìwé wa. Kò pín káàdì, kò gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè làwọn èèyàn ti ń béèrè ọ́fíìsì rẹ̀. Títí dòní, kò sẹ́ni tó ń ra ilẹ̀ ládùúgbò wa tí kì í kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jà náà. Láti 2018 ni kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ ti wà l'Ékòó. Mélòó nínú àwọn aláṣọ tí wọ́n jẹ ní gbèsè ló mọ̀? Lọ́yà tó bá lọ là wọ́n lọ́yẹ̀ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọjà, ṣé ẹ rò pé ebi á pa á?

Kí wọ́n máa kọ iye owó iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n máa gbé fóònù tá a bá pè. Kí wọ́n sì já rìsíìtì o! Ẹgbẹ́ wọn náà lè yan èèyàn sí géètì kóòtù kọ̀ọ̀kan, kó máa gborúkọ gbogbo ẹni tó bá ń fa aṣọ ya mọ́ oníbàárà lára.

Ìyá oníṣòwò kan,
Ìbàdàn.