Àbẹ̀kẹ́, o ní kí ni mò ń ṣe gan-an

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́, ṣé òtútù ò tíì gbé yín lọ? Mo gbọ́ voice note ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Mọ́mì ẹ bi ẹ́ pé kí ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba, o wá ní mò ń lé èéfín kiri. Kò burú. Àwọn tèmi nílé pàápàá rò pé èmi ni mò ń sọ ọjọ́ tí òjò máa rọ̀ lórí tẹlifíṣàn.

Jẹ́ n sọ fún ẹ. Iṣẹ́ mi ni láti wọn èérí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń tú sínú afẹ́fẹ́. Mo máa ń gun ihò èéfín ilé iṣẹ́, àkàbà irin ni, òmíràn ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́fà, bẹ́líìtì á wà lára mi, a ó wá ti irin gígùn kan bọ inú ihò yẹn láti fa èéfín jáde. Bébà fílítà kan ló wà lẹ́yìn irin náà, ibẹ̀ ni eruku inú èéfín máa lẹ̀ mọ́. A ti wọn bébà yẹn ká tó kúrò ní ọ́fíìsì, tá a bá dé a máa jẹ́ kó gbẹ dáadáa, a tún wọ̀n ọ́n, òṣùwọ̀n yẹn gbẹgẹ́ débi pé tó o bá mí lù ú ó ti sọ nǹkan mìíràn. Ohun tó fi wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òun ni ẹjọ́. Ọdún márùn-ún ni mo fi kàwé ní yunifásítì, Àbẹ̀kẹ́, kí n lè máa wọn bébà.

Ibi tó ti le ni pé bí èéfín ṣe ń yára gòkè lo gbọ́dọ̀ ṣe yára fà á. Tó o bá ń fà á jẹ́jẹ́ jù, eruku tó wúwo á máa já wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, wàá wá pa irọ́ mọ́ àwọn oníléeṣẹ́. Tó o bá sì yára jù, afẹ́fẹ́ lásán lo máa fà, eruku á gba ẹ̀gbẹ́ ẹ kọjá lọ, á wá dà bíi pé èéfín wọn mọ́ tóní. Ẹni tó bá fẹ́ gba rìbá, ibẹ̀ ló ti máa gbà á, kò sí ẹni tó máa mọ̀.

Ó wá ku èyí tá a máa ń fi ojú lásán ṣe. Wàá kẹ́yìn sí oòrùn, wàá máa wo èéfín, gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 15 wàá kọ bó ṣe ṣú tó sílẹ̀, títí ìṣẹ́jú 6 á fi pé, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélógún nìyẹn. Ṣùgbọ́n oòrùn gbọ́dọ̀ wà o. Àwọn oníléeṣẹ́ náà sì mọ̀ pé oòrùn gbọ́dọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ẹ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ń yọ́ irin pàǹtí, mi ò ní dárúkọ wọn. Gbogbo ìgbà tá a bá lọ lọ́sàn-án, èéfín wọn dà bí ti ẹni tó ń se tíì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ máìgádì wọn kí mi dáadáa, ó wá wo ẹ̀yìn mi, ó ní "Mà, ẹnjinía ńkọ́?" Mo ní èmi nìyí. Ó tún wo ẹ̀yìn mi. Àwọn ará àdúgbò ní tiwọn ń kọ lẹ́tà sí wa pé àwọn ń jí pẹ̀lú ikọ́, aṣọ tí wọ́n bá sá sórí okùn mọ́jú á ti dúdú. Ọ̀gá mi ní ọ̀yẹ́ ni. Nínú ọ̀yẹ́ lóòótọ́ eruku Sàhárà máa ń da ẹ̀rọ wa láàmú, ṣùgbọ́n inú oṣù June la wà, ọ̀yẹ́ wo?

Mo bá mú ẹ̀rọ kékeré kan, kò ju rédíò ọwọ́ lọ, iná laser ló fi ń ka eruku tó tín-ín-rín jù, èyí tí irun orí nípọn jù ú lọ ní bí ìlọ́po 30, tó máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún tí kì í tètè jáde. Mo gbé e kọ́ sórí òrùlé bàbá kan ní àdúgbò yẹn. Bó bá ti di aago kan òru, nọ́ńbà á fò sókè, aago mẹ́rin á wálẹ̀. Inú mi dùn, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ bá ọ̀gá. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ṣé kò sí ilé búrẹ́dì ládùúgbò yẹn ni?

Ó wà, Àbẹ̀kẹ́. Ó wà! Igi ni wọ́n fi ń dá iná, aago kan òru ni wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi wálẹ̀. Mo lọ bá ìyá oníbúrẹ́dì náà, wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo máa ní kí wọ́n ṣe, ṣé kí n ní kí wọ́n má ta ọjà mọ́ ni. Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ààrò wọn wó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko wọn ò dáná rárá. Mo sáré lọ wo ẹ̀rọ mi. Aago kan òru, nọ́ńbà fò sókè, ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lóru la wá lọ ká àwọn tó ń yọ́ irin yẹn mọ́lé pẹ̀lú lẹ́tà àṣẹ. Àpò aṣọ gígùn gígùn ló yẹ kí èéfín wọn máa gbà kọjá kó tó jáde, bí ìgbà tí mọ́mì ẹ bá ń fi aṣọ sẹ́ ògì, eruku ni èérí tó yẹ kó kù sínú aṣọ. Fáànù tó ń fa èéfín bọ inú àpò yẹn ni wọ́n pa, wọ́n wá ṣí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ fún èéfín. Fáànù yẹn ń jẹ iná, iná ò sí, dísù sì ti wọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Mánéjà ní òru yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́. Ẹnì kejì mi tan tọ́ọ̀ṣì sí suwíìṣì, aláǹtakùn ti ta òwú bò ó.

A tì wọ́n pa títí wọ́n fi tún un ṣe. Ìwọ rò pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi? Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba owó ojúmọ́ dúró níwájú géètì, ọ̀kan nínú wọn ní "Àǹtí, èéfín yẹn ló ń bọ́ wa." Mi ò rí èsì fún un, mo wọ mọ́tò.

Ìwọ tó ò ń ráhùn pé £12.50 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ ẹ lójúmọ́ tó bá gbé mọ́tò àtijọ́ ẹ̀ jáde ní Thamesmead, láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ ULEZ, àgbègbè tí mọ́tò tí èéfín ẹ̀ pọ̀ jù ti gbọ́dọ̀ sanwó, dé gbogbo London ní August 2023, mo gbọ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n rántí ọmọ Lewisham yẹn, Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọ ọdún 9, tó kú ní February 2013. Ní December 2020 ni wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba pé èérí inú afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó pa á. Báńkì Àgbáyé ṣírò pé bí 11,200 èèyàn ni èérí yẹn pa ní Èkó lọ́dún 2018 nìkan. Níbi tí mo ti ń gbọ́ ikú káàkiri, ikọ́ ni, ọkàn ni, àbí ayé. Mi ò tíì gbọ́ kẹ́nì kan sọ pé èéfín ni.

Ìyá oníbúrẹ́dì ti mọ ààrò wọn padà o. Wọ́n ń fún mi ní búrẹ́dì ọ̀fẹ́, mi ò gbà, mo ra méjì, torí èéfín tiwọn náà wà nínú fáìlì, mi ò tíì mọ ẹnu tí mo máa fi bá wọn sọ ọ́.

Tó o bá ń bọ̀ ní December, jọ̀ọ́ bá mi ra bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń gun òkè, ti obìnrin ni kó o béèrè. Ti ọkùnrin ni wọ́n fún wa ní ọ́fíìsì, ó ń yọ̀ kúrò léjìká mi. Máa fi owó ẹ̀ ránṣẹ́. Bá mi kí mọ́mì.

Èmi ni tìẹ,
Àṣàkẹ́